Ilé Tí Ẹ̀tẹ̀ Mú, Títún Ṣe Ló Kọ́kọ́ Tọ́ Sí I

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará àti ìdílé sọ ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ibùgbé àwọn tálákà. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ilé láàárín àwa onígbàgbọ́, ẹ̀rí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: Olúwa fún mi nílẹ̀, Olúwa jẹ́ kí n ṣílé. Ògo ni fún Un. A ó dúpẹ́ fún ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Lónìí, yàrá tí ẹni tó ṣílé kó kúrò nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò, àti ẹni tó kó wọ inú yàrá náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Léfítíkù orí 14, láti ẹsẹ 33. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá Mósè àti Áárónì sọ̀rọ̀ nípa ilé tí àrùn ẹ̀tẹ̀ mú. Ẹ kíyè sí bí Ó ṣe tò ó. Ẹni tó ni ilé á lọ sọ fún àlùfáà. Àlùfáà á ní kí wọ́n kó ẹrù jáde kí òun tó wọlé, kí ẹrù má baà bá ilé di aláìmọ́. Bó bá ti rí àmì àrùn lára ògiri, á ti ilé náà pa fún ọjọ́ 7. Bí ó bá padà wá tí ó rí i pé àrùn náà ti ràn, wọ́n á yọ òkúta tó ti bàjẹ́, wọ́n á ha inú ilé yípo, wọ́n á fi òkúta mìíràn dí ibẹ̀, wọ́n á sì fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tán tí àrùn náà tún yọ jáde ni wọ́n tó lè wó ilé náà. Wíwó ló gbẹ̀yìn pátápátá nínú òfin yìí. Ẹrù tó wà nínú ilé pàápàá, Ọlọ́run rò ó mọ́ ọn.

Ẹ wá jẹ́ kí a jáde síta. Ẹ dúró ní Tákíè níbí, bí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, bí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ìlọrin, bí ẹ sì yà wọ inú àdúgbò, ẹ ó rí ilé tí mò ń sọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín rẹ̀ já. Yàrá 4 tàbí 5 wà lọ́tùn-ún, iye kan náà wà lósì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, balùwẹ̀ wà níbẹ̀, ṣáláńgá kan sì wà fún gbogbo ilé. Fés-mì-áì-fés-yù ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè é, wọ́n sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀tẹ̀ tó mú un kò ṣòro láti dá mọ̀. Páànù ti dípẹtà, ó ń jò, àjà ti jẹrà. Ìsàlẹ̀ ògiri amọ̀ ti jẹ wọnú, nítorí pé omi òjò kò rí gọ́tà gbà. Ṣáláńgá ti kún. Wáyà iná ti gbó, wọ́n sì ta á káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, owó òwò ló kọ́ wọn. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó lọ ṣòwò ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà báyìí, àti àwọn tó lọ sí Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn ní òkè Ọya, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọn kò tíì gbé inú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ilé wọ̀nyí ló gbà wọ́n. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tamale ní oṣù kẹwàá lè bá ara rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú aya àti ọmọ kí Kérésìmesì tó dé. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn mìíràn tún darí wálé, yàrá náà ló sì tún gbà wọ́n. Nítorí náà, kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹun yó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn má ṣe fi í ṣẹ̀sín.

Ta ló ń gbé inú rẹ̀ lónìí? Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní yàrá fún un. Opó tó ń ta ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ọlọ́kadà. Olùkọ́ ilé ìwé aládàáni tí owó oṣù rẹ̀ kì í pé. Bàbá àgbà tó ti ná gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́yìn odi tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fi nǹkan ránṣẹ́. Nínú àwọn tó ń gbọ́ mi yìí náà, ọ̀pọ̀ wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sí ìpàdé lónìí. Kí ẹ má ṣe tijú. Pọ́ọ̀lù Àpọ́stélì fi ọdún 2 gbé nínú ilé tó háyà ní Róòmù, Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì 28 ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ayálégbé yẹn ni àwọn ará Róòmù sì gbà wá gbọ́ ìhìnrere.

Àwọn yàrá yìí ń dínkù. Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ nílùú wa, èyí tí a mọ̀ sí LAUTECH, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé àárín ìlú, nítorí pé ilé ìbùgbé inú ọgbà kò tó wọn. Owó wọlé, a dúpẹ́. Ẹni tó nílẹ̀ ní Under-G tàbí ní Adéníkẹ̀ẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kọ́ fún ọmọ yunifásítì, yàrá tó ní ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀ ni, owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọlọ́kadà. Bí ilé oníyàrá àtijọ́ bá sì wó ní àárín ìlú, wọn kì í tún un kọ́ fún irú ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi ojú ilé ṣe. Nígbà mìíràn, ẹ forí jì mí, àwa ìjọ Ọlọ́run gan-an la ń rà á. A ó rà á, a ó lé ayálégbé 8 tàbí 10, a ó wó o, a ó kọ́ gbọ̀ngàn, a ó sì ṣe ìsìn ìdúpẹ́ nínú rẹ̀. Mi ò ní ká má kọ́ ilé ìjọsìn. Mo kàn ń béèrè ibi tí àwọn ìdílé 10 yẹn sùn ní alẹ́ ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́ wa.

Kí ló dé tí àwọn onílé kò tún ilé wọn ṣe? Ó rọrùn láti sọ pé ìkà ni wọ́n. Àwọn ìkà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá tó kọ́ ilé ti kú. Ilé náà ti di ilé ẹbí. Ìyàwó 3 ló fi sílẹ̀, ọmọ 14, ọmọ-ọmọ kò níye. Nínú àṣà wa àti nínú òfin tí àwọn kóòtù ń tẹ̀lé, bí ọmọ kan bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe, ilé náà kò di tirẹ̀, ti ẹbí náà ló ṣì jẹ́. Kò sí ẹni tó lè tà á láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan. Òfin tó dára ni, òun ni kò jẹ́ kí ọmọ onímọtara-ẹni-nìkan kan gbé ogún àwọn yòókù tà. Àmọ́ òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ pàṣípààrọ̀ páànù. Ọmọ tó wà ní Èkó á ní kí èyí tó wà nílé ṣe é. Èyí tó wà nílé á ní owó ilé tí òun ń gbà kò tó òun jẹun. Òjò kò sì ní dúró dè wọ́n.

Ká tilẹ̀ ní ẹbí fohùn ṣọ̀kan, níbo ni wọ́n á ti rí owó? Láti ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ìwé tí bánkì sì ń fẹ́ rí ni ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí. Ilé tí bàbá àgbà kọ́ ní ọdún 1955, níbo ló ti fẹ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Nítorí náà bánkì kò ní yá wọn. Àjọ àti èésú ló kù, èyí tó jẹ́ pé kíákíá la máa ń dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan hàn yín. Àpẹẹrẹ ni o, iye ọjà ń yí padà lójoojúmọ́. Ká ní ilé kan ní yàrá 10, tí òrùlé rẹ̀, ṣáláńgá rẹ̀ àti wáyà iná rẹ̀ yóò gbà tó mílíọ̀nù 4 náírà. Bí onílé bá yá owó náà tó sì gbọ́dọ̀ san án láàárín ọdún 2, láìka èlé rárá, yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú 200,000 náírà wá lọ́dún lórí iye tó ń mú wá tẹ́lẹ̀. Ọlọ́kadà ti kó ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọdún 10 ni wọ́n fún un láti fi san án, ó di 40,000 lọ́dún. Bí ìjọba bá fi ìdajì owó náà ṣe ẹ̀bùn, tí ìdajì tó kù sì jẹ́ ti ọdún 10, ó di 20,000 náírà lọ́dún, èyí tí kò tó 1,700 lóṣù. Páànù kan náà ni, bírílà kan náà, káfíńtà kan náà. Bí owó ṣe wọlé ni yóò sọ bóyá opó yẹn á gbé abẹ́ páànù tuntun náà tàbí ẹlòmíràn ni yóò gbé e.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ilé onílé ni, kí ló kan ìjọba nínú rẹ̀. Ìjọba ti wà nínú ọ̀rọ̀ ilé tipẹ́. Ní 1991 wọ́n ṣe ìlànà ilé gbígbé tó ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà nílé lórí nígbà tí ọdún 2000 bá fi máa pé. Ẹ ti rí ọdún 2000, ó ti lọ. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ìjọba àpapọ̀ tún kéde ètò láti kọ́ ilé 100 sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774 tó wà nílẹ̀ yìí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 77,400. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, a ní ìjọba ìbílẹ̀ 5: Àríwá, Gúúsù, Oríire, Súrùlérè àti Ògo-Olúwa. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ilé 500 nìyẹn, a ó sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ilé oníyàrá mẹ́wàá mẹ́wàá tó jẹ́ 50 péré, yàrá 500 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti wà lórí ìdúró. Wọ́n sún mọ́ ọjà, wọ́n sún mọ́ ilé ìwé, àwọn ènìyàn sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń kọ́ 500 lápá kan tó sì ń wo 500 tó ń wó lápá kejì, kí ló jèrè?

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣọ́ra níbí, nítorí pé owó ìjọba fún ilé títún ṣe lè di idà sí tálákà lọ́rùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ní ibì kan.

Ní New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, irú ilé oníyàrá yìí pọ̀ nígbà kan: yàrá kan fún ẹnì kan, ilé ìwẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1955 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n má kọ́ tuntun mọ́. Lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 1975 síwájú, wọ́n ń dín owó orí kù fún onílé tó bá sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ilé ńlá olówó gọbọi. Owó ìlú ni wọ́n ń fi ṣe é, ẹ ṣàkíyèsí. Àwọn onílé tún ilé ṣe lóòótọ́, ilé dára, ó ń dán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá ló sì pòórá, àwọn tó ń gbé inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ojú pópó àti ibùdókọ̀. Ìgbà tó di 1985 ni ìjọba ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kí wọ́n dáwọ́ yíyí yàrá padà dúró, àwọn onílé pe ẹjọ́, kóòtù sì fagi lé òfin náà ní 1989.

Kí a tó bú wọn, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Èkó, láti ọdún 1955, àjọ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àwọn ará àárín Ìsàlẹ̀ Èkó pé wọ́n dọ̀tí jù, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, tó wá ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, rí i pé ìdílé tú ká, àwọn obìnrin oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, owó ilé àti owó mọ́tò sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ní 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè kan ní Èkó, àtúnṣe àdúgbò àwọn tálákà 9 sì wà nínú rẹ̀. Badia jẹ́ ọ̀kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2013, katakata wọ Badia East, ó wó ilé, ó kéré tán ẹgbẹ̀rún 9 ènìyàn ni kò nílé mọ́. Àdúgbò tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe ni o. Ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn sí Báńkì Àgbáyé ni wọ́n tó wá san owó ìrànlọ́wọ́ fún wọn, lẹ́yìn tí ilé ti wó tán. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé ìjọba fẹ́ tún àdúgbò yín ṣe, ẹ má kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ béèrè pé, ta ni yóò máa gbé ibẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ṣe é dáadáa náà wà. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe òfin McKinney ní 1987. Nínú rẹ̀, onílé tó bá tún ilé oníyàrá ṣe dé ìwọ̀n tó yẹ fún àwọn tí kò nílé, ìjọba yóò máa fi ọdún 10 bá ayálégbé náà san lára owó ilé. Onílé mọ̀ pé owó òun á padà wá, ayálégbé mọ̀ pé wọn ò ní lé òun. Àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ yẹn ló gbé iṣẹ́ náà dúró.

Àwọn ará Glasgow ní Scotland ni mo fẹ́ràn jù. Ilé alájà púpọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ní Govan, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo lórí àtẹ̀gùn, bíi ti ṣáláńgá wa. Ọdún gbọọrọ ni ìjọba ìlú fi ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ayàwòrán-ilé kan àti àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìrànwọ́ ìjọba ṣe ilé ìyàgbẹ́ sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Òfin ilé gbígbé ti 1974 fún wọn lágbára sí i: àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ gba owó ìjọba, ẹgbẹ́ náà ló ń bójú tó ilé. Àwọn tí a ń wí yìí, àwọn ìyá tó ń fọ aṣọ àti àwọn ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n, wọ́n sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ilé tí wọ́n á kọ́kọ́ tún ṣe. Mo bi yín, kí ni wọ́n ní tí ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ ìyá rere nínú ìjọ wa kò ní?

Ẹ wá ṣí 2 Àwọn Ọba orí 12. Jèhóáṣì ọba ní kí wọ́n fi owó tó ń wọlé tún tẹ́ḿpìlì ṣe. Ọba jẹ ọdún 23 lórí oyè, àwọn àlùfáà kò tíì dí ibi tó ya. Owó ń wọlé o! Èyí dùn mọ́ mi nínú Bíbélì, kò bo àṣírí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Jèhóíádà àlùfáà wá gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ọmọrí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Bí ó bá ti kún, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ kà á, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e lé àwọn alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́, káfíńtà, mọ́lémọ́lé àti agbẹ́kùúta á gba tiwọn. Ẹsẹ 13 ní wọn kò fi lára rẹ̀ ra ife fàdákà. Ẹsẹ 15 ní wọn kò bi àwọn alábòójútó léèrè ìnáwó, nítorí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ní tiwa, ẹ jẹ́ ká ṣì máa béèrè ná.

Níbo wá ni àpótí tiwa wà? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń díye lé ilé tí aládàáni ní láti gba owó orí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti gbé ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, a lè sọ fún alága wa láìbẹ̀rù pé owó tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lórí ilé, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sórí ilé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Kóòtù Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń wá láti Àbújá máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdájọ́ yẹn fún wa lẹ́nu láti béèrè. Owó mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń san láìmọ ibi tó ń lọ. Láti 1992 ni òfin ti ní kí wọ́n máa yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú Àpò Ilé Gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, báńkì FMBN ló ń tọ́jú rẹ̀. Báńkì náà ní owó yíyá fún àtúnṣe ilé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mílíọ̀nù kan náírà ló pọ̀ jù tí ènìyàn lè yá. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, ẹ wo ìwé owó oṣù yín. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta nínú ẹbí kan lè ti máa san án tí ilé bàbá wọn sì ń jò.

Ohun tí àwa ń fẹ́ kò le. Ilé tó bá gba owó ìlú, kí olórí ẹbí àti àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ìjọba ìbílẹ̀ náà fọwọ́ sí i. Kí àdéhùn náà sọ iye tí owó ilé á jẹ́ fún ọdún 10 àti bí yóò ṣe máa gòkè, nítorí pé kò ṣeé ṣe kí ó má gòkè rárá, a kì í ṣe ọmọdé. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sílẹ̀ kí bírílà tó gbé ṣọ́bìrì, kí ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn láti padà sínú yàrá wọn. Bó bá ṣeé ṣe, yàrá méjì méjì ni kí wọ́n máa tún ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà kó jáde. Ẹbí tó bá lé ayálégbé tàbí tó sọ yàrá di ṣọ́ọ̀bù kí ọdún tó pé, kí ó dá gbogbo owó náà padà. Tí owó bá kéré, ṣáláńgá àti omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òrùlé ló tẹ̀lé e, kí wáyà iná tẹ̀lé ìyẹn. Ọ̀dà kíkùn lè dúró. Mo mọ̀ pé ọ̀dà ni olóṣèlú fẹ́ràn, torí pé ó máa ń hàn nínú fọ́tò.

Àwọn onílé tó wà níbí, mo rí ojú yín. Ẹ ń rò pé ìdè ni mo fẹ́ fi dè yín. Kò sí ẹni tó fi dandan mú yín gba owó náà. Ẹni tó bá lágbára láti fi owó ara rẹ̀ ṣe é, kí ó ṣe é bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó tí gbogbo wa dá, kò burú bí gbogbo wa bá ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ìwé pélébé kan dání. Ẹ kọ àdúgbò yín sí i, bóyá Màsífà ni, bóyá Sábó ni, bóyá Ìjẹ̀rù ni. Ẹ kọ iye yàrá tó wà nínú ilé tí ẹ ń gbé, iye ènìyàn tó ń gbé inú wọn, iye tó ń lo ṣáláńgá kan, ibi tí ẹ ti ń pọnmi, àti ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ páànù kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ ilé ìwé bá a kọ ọ́. Ẹ má kọ orúkọ onílé, ẹ má sì kọ orúkọ ara yín. Bí a bá ti kó wọn jọ, àwọn àgbà ìpàdé á mú ti Àríwá lọ sí Kínnírá, wọ́n á mú ti Gúúsù lọ sí Arówómọlé, a ó sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa lóhùn.